Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpinpin Dúkìá Aṣòfin Tó Ń Ṣojú Yín

Kí aṣòfin kankan ní Nàìjíríà tó lè jókòó sórí àga rẹ̀, òfin ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Abala 52 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló de àwọn sẹ́nétọ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin mọ́ ọn, abala 94 ló sì de àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Àjọ CCB, tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ọba, ló ń kó ìwé náà pamọ́. Ohun tó ṣòro ni kí ojú aráàlú tó o. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tó ń wọlé fún aṣòfin rẹ̀ tó ohun tó ń rà, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí àhesọ orí WhatsApp.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà. Fọ́ọ̀mù CCB 1 ni orúkọ rẹ̀. Aṣòfin yóò kọ ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, ìbáà ti kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ náà tàbí kò tíì kọ́ ọ. Yóò kọ ọkọ̀, owó tó wà ní báǹkì, ìpín tó ní nínú ilé-iṣẹ́ àti gbèsè tó jẹ, yóò sì búra pé òótọ́ ni. Ó ń ṣe é nígbà tó bá ń wọlé, ó ń tún un ṣe ní ìparí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ó sì tún gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí sáà rẹ̀ bá tán. Ẹyọ ìwé kan ṣoṣo kò lè sọ púpọ̀ fún yín, nítorí ẹni tó ti lówó kó tó wọ òṣèlú kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ìwé méjì tí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ọjọ́ tó wọlé àti ti ọjọ́ tó jáde, ni yóò fi hàn bóyá dúkìá ti pọ̀ ju ohun tí owó oṣù lè rà lọ.

Ìpínrọ̀ 11 nínú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé dúkìá yòówù tí òṣìṣẹ́ ọba bá ní lẹ́yìn tó ti kọ fọ́ọ̀mù, tí owó tó ń wọlé fún un, ẹ̀bùn tàbí ẹ̀yáwó tí òfin fọwọ́ sí kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀, a ó kà á sí ohun tí ó rí lọ́nà tó lòdì sí òfin, àyàfi bí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn lásán, olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí wá. Níbí, ẹni tó ni ilé ni yóò ṣàlàyé ibi tí owó ilé ti wá.

Ní ti ẹbí, ìwé òfin dárúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí wọn kò sì tíì ṣe ìgbéyàwó. Òfin tó gbé àjọ CCB kalẹ̀ fi aya tàbí ọkọ kún un. Kò sí ẹni tó ní kí aṣòfin kọ dúkìá ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà sílẹ̀, tàbí ti àbúrò rẹ̀, tàbí ti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ 13 ti dáhùn èyí náà: ohun tí òṣìṣẹ́ ọba bá fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe, tí òfin kò sì gbà fún òun fúnra rẹ̀, òun ló ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá orúkọ kiri, ẹ má dúró lórí orúkọ kan.

Ọgbọ́n kan tún wà tó yẹ kí ẹ fojú sí, ìyẹn ni kíkọ ohun tí èèyàn kò tíì ní sílẹ̀. Bí aṣòfin bá kọ ọ́ lónìí pé òun ní ilé mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló ní, nígbà tó bá fi ra méjì yòókù lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé ti sọ pé ó ti ní wọn tipẹ́. Wọ́n fi irú ẹ̀sùn yìí kan Bukola Saraki ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tó jẹ́ ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, lórí fọ́ọ̀mù tó kọ nígbà tó ń ṣe gómìnà Kwara. Ilé ẹjọ́ tó gajù lọ dá a láre pátápátá ní oṣù Keje ọdún 2018. N ó padà sórí ìdí tí ẹjọ́ náà fi wó, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn.

Yàtọ̀ sí kíkọ dúkìá sílẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí aṣòfin kò gbọ́dọ̀ ní rárá. Ìpínrọ̀ 3 ní kò gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì ní báǹkì kankan lẹ́yìn odi Nàìjíríà, kò sì gbọ́dọ̀ máa lo ọ̀kan. Òfin náà kò sọ pé kó má ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù o. Àkáǹtì ló dárúkọ, ẹ má sì da méjèèjì pọ̀. Ẹ̀bùn láti ọwọ́ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ kò burú níwọ̀n tí àṣà bá fàyè gbà á, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fún un níbi ayẹyẹ ìta gbangba, ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣojú fún ni. Òfin tún ní kí òṣìṣẹ́ ọba tí iṣẹ́ ìjọba gba gbogbo àkókò rẹ̀ má lọ́wọ́ sí ìṣàkóso òwò aládàáni, ó sì yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti ń yà yín lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ olóṣèlú ló ní oko adìẹ tàbí odò ẹja, ẹ ti rí ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀.

Wàyí o, ìlẹ̀kùn tó wà ní títì. Àfikún Kẹta ìwé òfin sọ pé àjọ CCB gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wo ìwé ìkéde dúkìá wò ó, lábẹ́ ìlànà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá là sílẹ̀. Àwọn aṣòfin kò la ìlànà náà sílẹ̀ láti ọdún 1999, àjọ náà sì ń fi àìsí ìlànà yìí dá àwọn tó ń béèrè padà. Mi ò rí bí a ṣe lè pe èyí ní ìgbàgbé. Àwọn tí ìwé wọn wà nínú àpótí ni òfin fi kọ́kọ́rọ́ àpótí sí lọ́wọ́.

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nígbà náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó ń wọlé, nítorí ìyẹn kì í ṣe àṣírí pátápátá. Àjọ RMAFC, tó ń gbé owó oṣù àwọn olóṣèlú kalẹ̀, sọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 pé ₦1,063,860 ni sẹ́nétọ̀ ń gbà lóṣù. Owó oṣù gan-an nínú rẹ̀ jẹ́ ₦168,866.70, ìyókù jẹ́ àjẹmọ́nú, títí kan ₦25,330 fún ìwé ìròyìn, ₦42,216.66 fún aṣọ, àti ₦422,166.66 fún iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò. Ẹ mú ìwé, kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Oṣù 48 yóò jẹ́ ₦51,065,280. Ẹ fi owó ohun èlò ilé kún un, ₦6,079,200, èyí tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan, àti owó ìdágbére, tó jẹ́ iye kan náà. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 63 fún ọdún mẹ́rin, bí ẹni náà kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nílé. Owó ọkọ̀, ₦8,105,600, jẹ́ ẹ̀yáwó tí ó gbọ́dọ̀ san padà kó tó lọ, nítorí náà ẹ má kà á mọ́ owó tó wọlé.

Mílíọ̀nù 63 yẹn ni òṣùwọ̀n yín. Àmọ́ owó mìíràn wà tí kò sí nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Shehu Sani, sẹ́nétọ̀ láti Kaduna nígbà náà, sọ fún aráyé pé mílíọ̀nù 13.5 náírà ń wọlé fún sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣù fún ìnáwó ọ́fíìsì, yàtọ̀ sí owó oṣù. Ní ọdún 2024, Kawu Sumaila, sẹ́nétọ̀ láti Kano, sọ pé ti òun lé ní mílíọ̀nù 21. Owó iṣẹ́ ni wọ́n pè é, Sani sì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì wá fún un. Bí aṣòfin yín bá fi owó ìnáwó ọ́fíìsì ṣe àlàyé ilé tó kọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé owó iṣẹ́ ti di owó àpò. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìlú.

Lẹ́yìn owó, ilé-iṣẹ́ ló kàn. Àjọ CAC, tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ní ojúewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n tún ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn tó ń fi àwọn tó ní àṣẹ gan-an lórí ilé-iṣẹ́ hàn. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ló ní kí ẹni tó bá ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ wá orúkọ aṣòfin náà, ti aya tàbí ọkọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún tí wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbúra, tí ó sì ń gba iṣẹ́ àkànṣe ní ẹkùn ìdìbò kan náà, kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ìbéèrè.

Ewu tó wà níbí ni orúkọ tó jọra. Mélòó ni Adébáyọ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan? Ẹ fi ọjọ́ ìbí yanjú rẹ̀. Nígbà ìdìbò ọdún 2023, gbogbo ẹni tó díje ló fi ìwé ìbúra tí wọ́n ń pè ní EC9 sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ INEC, ọjọ́ ìbí sì wà nínú rẹ̀; òfin ìdìbò ọdún 2022 fún aráàlú láyè láti san owó kí ó gba ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà yìí wúlò gan-an fún àwọn tó ń gbé ní Ìlú Ọba, nítorí pé àkọsílẹ̀ Companies House lọ́hùn-ún, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, máa ń kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí olùdarí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá mu, tí oṣù àti ọdún ìbí náà sì mu, ẹ ti sún mọ́ òtítọ́ dáadáa. Ti ilẹ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ wà tàbí nọ́ńbà ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó bá yín wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti kó ìwọ̀nyí jọ, ẹ wá kọ lẹ́tà sí àjọ CCB lábẹ́ òfin FOI ti ọdún 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Òfin náà kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má kàn béèrè fún gbogbo fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun kékeré tó ṣòro láti fi dù yín: ṣé ó kọ ọ́, ọjọ́ wo ló sì kọ ọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ohun tí lẹ́tà náà yóò sọ kò ju báyìí lọ:

"Lábẹ́ òfin FOI ti ọdún 2011, mo ń béèrè àlàyé lórí ìkéde dúkìá (orúkọ aṣòfin), tó ń ṣojú (orúkọ ẹkùn ìdìbò). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bóyá ó fi fọ́ọ̀mù CCB 1 sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìgbìmọ̀ kẹwàá ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, àti ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá wà nípò ní sáà tó ṣáájú, ẹ sọ fún mi bóyá ó kọ ti ìparí sáà náà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ dá ọjọ́ fún mi tí mo lè wá wo àwọn ìwé náà ní ọ́fíìsì yín, gẹ́gẹ́ bí Àfikún Kẹta ìwé òfin ọdún 1999 ti wí. Mo ṣetán láti san owó ẹ̀dà."

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sára èkejì fún yín. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́, òǹtẹ̀ yẹn lẹ ó sì fi ka ọjọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi abala 14 kọ̀ fún yín, èyí tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ẹ fi abala 14 kan náà dá wọn lóhùn, nítorí ó parí sórí pé bí àǹfààní aráàlú bá ju ààbò ẹni náà lọ, kí wọ́n gbé ìwé sílẹ̀. Mi ò ní tàn yín: ilé ẹjọ́ kì í sábà yára, wọ́n sì ti dá irú ẹjọ́ báyìí nù rí. Àwọn tí aṣòfin ìpínlẹ̀ ni tiwọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kankan sọ fún wọn mọ́ pé Abuja nìkan ni òfin náà wà fún, nítorí ilé ẹjọ́ tó gajù lọ ti sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin FOI de gbogbo ìpínlẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tó yá ju ilé ẹjọ́ lọ, ìyẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣòfin náà fúnra rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ó má gbé ẹ̀dà tirẹ̀ síta. Umaru Yar'Adua gbé tirẹ̀ síta ní ọdún 2007 nígbà tó di ààrẹ. Ṣèyí Mákindé ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2019, tiẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 48 náírà. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá jọ fọwọ́ sí, tí wọ́n sì kà sétí ìgbọ́ ọba àti ìjòyè, kò rọrùn láti dákẹ́ sí.

Bí ìwé náà bá wá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má sáré lọ wo àpapọ̀ owó ìsàlẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ra ohun kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n rà á, àti ibi tí owó ti wá. Ilẹ̀ tí kò ní ọdún tàbí tí kò ní iye ni kí ẹ fi bírò pupa sàmì sí. Ẹ yẹ gbèsè wò pẹ̀lú: ta ni ó yá a lówó, ṣé ó sì ti dín kù nínú ìwé kejì? Gbèsè ńlá tí kò dín kù, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìjọba ṣòwò ló yá a, jọ ẹ̀bùn ju gbèsè lọ. Kí ẹ tó pariwo pé owó ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ bi ara yín bóyá náírà ló já. Dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó ti kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Ẹni tó ní dọ́là ní báǹkì kan ní Èkó, tí kò fi kọ́bọ̀ kún un, yóò jọ ẹni tó kówó jẹ lójú ẹni tí kò bá ro èyí.

Ní ti àwọn tó ń dìbò ní ìlú òyìnbó, iṣẹ́ tiyín kéré. Ní Ìlú Ọba, gbogbo ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Kemi Badenoch pẹ̀lú wọn, ló gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀bùn tó lé ní £300, ìpín ńlá nínú ilé-iṣẹ́ àti ilé tó ń mú owó wọlé sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Àmọ́ kò ní sọ iye tí ẹni náà ní lápapọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé náà jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe iye gan-an: láti $15,001 dé $50,000, tàbí láti $1,000,001 dé $5,000,000. Ẹni tó bá sọ fún yín pé aṣòfin Amẹ́ríkà kan ní mílíọ̀nù 3.2 gééré ti fi èrò tirẹ̀ kún un. Ilé tí aṣòfin ń gbé kì í sí nínú rẹ̀, bí kò bá fi gba owó ilé.

Ó ku ìwé ẹ̀sùn. Ìpínrọ̀ 12 nínú Àfikún Karùn-ún sọ pé ọ̀dọ̀ àjọ CCB ni ẹ̀sùn nípa títẹ òfin yìí lójú gbọ́dọ̀ lọ. Àwọn ni wọn yóò wádìí rẹ̀ kí ó tó dé CCT, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ nípa ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ọba. Ìyà tó wà níbẹ̀ kò kéré: kí ẹni náà fi ipò sílẹ̀, kí ó má di ipò ìjọba mú fún ọdún tó lè tó mẹ́wàá, kí ìjọba sì gba dúkìá náà. Ibí ni ẹjọ́ Saraki ti kan yín. Ohun tó pa ẹjọ́ náà ni pé ilé ẹjọ́ rí ẹ̀rí tí wọ́n mú wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àgbọ́sọ. Ẹni tó wá jẹ́rìí kì í ṣe ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sọ. Nítorí náà, ìwé tí ẹ bá fi ti ẹ̀sùn yín lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà tí ọ́fíìsì tó ni í fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó lè dúró sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwòrán ilé tí ẹ fi fóònù yà láti ojú títì lè bá a lọ, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò. "Ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ ti aya rẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìbúra" kò lè kó yín sí wàhálà. "Olè ni" lè kó yín dé ilé ẹjọ́, pàápàá bí ẹ bá kọ ọ́ sórí Facebook. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀, ẹ lè lo òfin FOI lẹ́ẹ̀kan sí i láti béèrè ibi tí ìwádìí dé. Sáà ilé ìgbìmọ̀ kẹwàá yóò parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2027, fọ́ọ̀mù ìparí sáà yóò sì di dandan fún gbogbo wọn, títí kan àwọn tó bá tún wọlé. Ẹ tọ́jú lẹ́tà yẹn sínú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà, kí ẹ sì tún un fi ránṣẹ́ nígbà náà.